Ṣé kí n tún sáìtì ọ̀rọ̀ Yorùbá mi kọ, àbí kí n yọ àmì ohùn kúrò?

Ìbéèrè tó wọlé rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe sáìtì kan fúnra mi, ọ̀rọ̀ Yorùbá àti òwe ló wà níbẹ̀, mo ti kó ọ̀rọ̀ tó tó ẹgbẹ̀rún méjì sí i. PHP ni mo fi kọ kóòdù ẹ̀, MySQL sì ni dátábéèsì ẹ̀. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé tí mo bá fẹ́ fi ọkọ̀ sí i, dátábéèsì á ní ó ti wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọkọ ni mo fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wàhálà kejì, tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí search, nígbà míì á rí i, nígbà míì kò ní rí i, ọ̀rọ̀ kan náà o. Ọ̀rẹ́ mi ní PHP ti kú, kí n fi Next.js, irinṣẹ́ JavaScript, tún un kọ, mo bẹ̀rẹ̀, mi ò tíì parí ẹ̀. Ibi tí mo gbé e sí lọ́fẹ̀ẹ́ tún ti ní kí n máa sanwó, dọ́là sì ni. Mo ṣì ní iṣẹ́ bíi mẹ́fà míì tí mi ò parí lórí GitHub tí mò ń tọ́jú kóòdù sí. Ṣé kí n tún un bẹ̀rẹ̀, àbí kí n yọ gbogbo àmì ohùn kúrò kó lè rọrùn, àbí kí n pa á tì kí n ṣe nǹkan tó máa jẹ́ kí n ríṣẹ́?"

Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Ìbéèrè bíi mẹ́rin lo dì sínú ẹyọ kan yìí, o sì ti so wọ́n pọ̀ débi tó fi ń jọ ẹ́ lójú pé nǹkan kan ṣoṣo ló bà jẹ́, pé bóyá ìwọ gan-an lo ò mọ kóòdù kọ. Mi ò rí kóòdù ẹ, mi ò lè búra pé ó dáa. Àmọ́ gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀ yẹn, mo ti rí i lára sáìtì àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ju èmi àti ìwọ lọ, torí ibi tí wàhálà yẹn wà, èèyàn ò lè rí i lójú lásán. Dátábéèsì tí kò gba ọkọ̀ wọlé àti search tó ń ṣe ségesège, kò sí èyí tí Next.js máa wò sàn nínú méjèèjì. Tó o bá kó ọ̀rọ̀ kan náà lọ sínú kóòdù tuntun bó ṣe wà yẹn, o ò yàtọ̀ sí ẹni tí ìdun ń jẹ tó wá kó lọ sílé tuntun, tó sì gbé fóòmù ẹ̀ dání. Ọ̀rọ̀ owó dọ́là dá dúró ní tiẹ̀, ti iṣẹ́ mẹ́fà tó o pa tì yẹn náà dá dúró, a máa débẹ̀.

Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí search yẹn torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà kankan, nọ́ńbà ló mọ̀, Unicode ló sì pín nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè. Lẹ́tà ẹ ní U+1EB9, ọ ní U+1ECD, ṣ ní U+1E63, à àti á náà ní tiwọn torí àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n tipẹ́. Àmọ́ ẹ́ àti ẹ̀, ọ́ àti ọ̀, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwọn. Lẹ́tà ẹ la máa kọ́kọ́ kọ, ká wá fi àmì ohùn tẹ̀ lé e, àmì yẹn náà ní nọ́ńbà tiẹ̀, U+0301 fún ohùn òkè, U+0300 fún ohùn ìsàlẹ̀. Má sì jókòó máa retí pé wọ́n ṣì máa fún wa ní ẹyọ kan o, àwọn tó ń bójú tó Unicode ti pinnu tipẹ́ pé lẹ́tà alámì tó bá ti ṣeé tò pọ̀ látinú èyí tó wà nílẹ̀, àwọn ò ní fún un ní nọ́ńbà tuntun mọ́. Ibi tó ti wá dojú rú ni pé ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tò ó pọ̀ ju ọ̀kan lọ. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ kó tó fi àmì òkè sí i. Òmíràn á kọ e lásán, á fi àmì abẹ́ sí i, U+0323, kó tó wá fi tòkè. Ẹ̀kẹta á kọ é tí àwọn Faransé ń lò, á wá lẹ àmì abẹ́ mọ́ ọn nídìí. Lójú èmi àti ìwọ ẹ́ ni gbogbo wọn, kò sí ìyàtọ̀ kankan, ṣùgbọ́n tó o bá ní kí kọ̀ǹpútà fi wọ́n wéra bí wọ́n ṣe wà, á ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Ó jọ pé ìdí nìyẹn tí search ẹ fi ń rí ọ̀rọ̀ nígbà míì tí kò sì ń rí i nígbà míì. Ó ṣeé ṣe kó o fi lápútọ́ọ̀pù tẹ ìdajì nínú ọ̀rọ̀ ẹ, kó o ṣe kọ́pì ìyókù látinú PDF tàbí látorí WhatsApp, kí ẹni tó ń wá a sì wá máa fi fóònù tiẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Oògùn ẹ̀ ò le rárá: sọ gbogbo ẹ̀ di oríṣi kan kó tó wọ dátábéèsì, kó o sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí èèyàn bá tẹ̀ sínú àpótí search kó o tó lọ wá a. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní NFC ni kó o lò, ìyẹn èyí tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe. JavaScript ti ní normalize láti 2015, o kàn máa kọ .normalize("NFC") sẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà ni, Python ní tiẹ̀ nínú unicodedata, PHP náà ní Normalizer, ó kàn lè jẹ́ pé wọn ò tíì ṣí intl, àfikún PHP tí Normalizer wà nínú ẹ̀, fún ẹ níbi tó o gbé sáìtì sí ni, kó o béèrè lọ́wọ́ wọn. Nǹkan kan wà tí NFC ò lè bá ẹ tún ṣe ṣá: àwọn fáìlì kan wà tí wọ́n fi ìlà kékeré tó nàró sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì roboto tá à ń lò, U+0329 nìyẹn. Unicode ka ìyẹn sí àmì mìíràn pátápátá, ìwọ fúnra ẹ lo máa ní kí kóòdù ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Tó o bá sì ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, má fi ọ̀rọ̀ alámì sọ fáìlì lórúkọ, fi nọ́ńbà sọ ọ́, torí Mac ayé àtijọ́ máa ń tú àmì lórúkọ fáìlì palẹ̀ kó tó tọ́jú ẹ̀, tó bá wá dé orí sáfà Linux wọ́n á ní àwọn ò rí fáìlì kankan, o ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó kan ọkọ̀ tí wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀. Ìyẹn tún yàtọ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tínú bá ti rọ̀ mí tán. MySQL 8 tó jáde ní 2018, tó o bá dá tábìlì láì sọ nǹkan kan fún un, ìlànà ìfiwéra tó máa lò ni utf8mb4_0900_ai_ci. Lẹ́tà ai tó wà láàárín yẹn ń sọ fún un pé kó má ka àmì orí lẹ́tà sí, ci ní kó má ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí. Fún òyìnbó tó ń wá orúkọ oníbàárà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Fún wa, ó túmọ̀ sí pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, títí kan oko tí bàbá ń ro, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn lójú MySQL tó bá fi odindi ọ̀rọ̀ wéra. (LIKE tí ọ̀pọ̀ search ń lò ní tiẹ̀, ẹyọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń wò, ìyẹn ni search ẹ fi ṣì lè máa ṣe ségesège.) Tó o bá wá fi UNIQUE, òfin pé ọ̀rọ̀ kan ò gbọdọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, sórí ibi tí ọ̀rọ̀ ń wọ̀, bí mo ṣe gbà pé o ṣe, èyí tó bá kọ́kọ́ wọlé ti tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó kù nìyẹn. Ìlà kan péré ló máa tún un ṣe, ALTER TABLE, àṣẹ tó ń yí tábìlì padà, kó o sọ ìlànà ibi ọ̀rọ̀ yẹn di utf8mb4_0900_as_cs, tó ń ka àmì sí. Tó bá jẹ́ MariaDB, ẹ̀ka tó yà kúrò lára MySQL, ni wọ́n gbé fún ẹ, torí ọ̀pọ̀ ibi tó ń ta ààyè olówó pọ́ọ́kú, wọ́n á kọ MySQL sára ẹ̀ ṣùgbọ́n MariaDB ló wà nínú ẹ̀, ó lè sọ pé òun ò mọ orúkọ yẹn, lo utf8mb4_bin. Bin ní tiẹ̀ nọ́ńbà lásán ló ń wò, nítorí náà NFC tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ ti ṣẹlẹ̀ kó tó kàn án, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wàá wá ní ọkọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì. Kó o tó fọwọ́ kan ALTER kankan ṣá, lọ ka iye ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì lo sọ, ṣé o mọ iye tí dátábéèsì ti lé padà láì jẹ́ kó o gbọ́, pàápàá tó o bá lo INSERT IGNORE, tó máa ń fo èyí tí kò bá wọlé láì pariwo?

Wàyí o, ti pé kó o yọ àmì ohùn kúrò. Mo mọ ohun tó gbé ìyẹn wá sí ẹ lọ́kàn, kò sì burú tán. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó máa wá sórí sáìtì yẹn kò ní tẹ àmì kankan, fóònù ni wọ́n máa lò, wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì, ojo ni wọ́n máa tẹ̀ bóyá òjò ni wọ́n ń wá àbí ọjọ́. Tí search ẹ bá ní kò sí, wọ́n ti lọ nìyẹn. Ibi tó o ti ṣìnà ni pé o fẹ́ torí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kó o ba ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ jẹ́. Tọ́jú méjèèjì sọ́tọ̀. Ibì kan fún ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó rí, pẹ̀lú àmì ẹ̀ pé pérépéré, ìyẹn ni wàá máa fi han èèyàn. Ibì kejì fún ẹ̀dà tó o ti bó lára, tẹ́nikẹ́ni ò ní rí, search nìkan ló máa lò ó. Bó o ṣe máa bó o nìyí: sọ ọ́ di NFD, ìyẹn ni pé kó o tú lẹ́tà àti àmì ẹ̀ sọ́tọ̀, kó o pa gbogbo ohun tó bá wà láàárín U+0300 àti U+036F rẹ́, kó o sọ ìyókù di lẹ́tà kékeré. Ní JavaScript kò ju ìlà kan lọ, normalize("NFD").replace(/[\u0300-\u036f]/g, "").toLowerCase(). Àmì abẹ́ náà á bá a lọ, torí òun náà wà láàárín nọ́ńbà wọ̀nyẹn. Bó o bá ṣe bó ọ̀rọ̀ inú dátábéèsì, bẹ́ẹ̀ náà ni kó o bó ohun tí wọ́n tẹ̀.

Ó ní ohun tó máa ná ẹ o, mi ò ní purọ́. Ẹni tó bá tẹ ogun á rí ogun tí wọ́n ń jà, á rí ogún tí bàbá fi sílẹ̀ àti ogún tó jẹ́ oókan dín ní mọ́kànlélógún, á rí Ògún lákáayé, á tún rí odò Ògùn. Fún ìwé atúmọ̀, èmi ò rí i bí àléébù, torí ọ̀pọ̀ ìgbà lẹni tó ń wá a gan-an ò mọ èwo ni òun ń wá, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn nínú tí wọ́n bá rí gbogbo ẹ̀ tó tò síwájú wọn. Ohun tó kàn yẹ kó o ṣe ni pé tí ẹni náà bá fara balẹ̀ tẹ àmì, èyí tó bá a mu gẹ́lẹ́ ni kó o gbé sókè pátápátá, kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní kó o tún ṣe ti àárín, kí search máa ka àmì abẹ́ sí kó má ka ohùn sí. Ó bọ́gbọ́n mu, àmọ́ fún ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Ohun tí mi ò fẹ́ kó o ṣe láé ni kó o pa àmì rẹ́ nínú ojúlówó fáìlì kó o wá sọ pé tó bá yá wàá dá a padà. Àwọn tó ń ṣèwádìí ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa dá àmì padà sórí Yorùbá, gbólóhùn tó yí ọ̀rọ̀ ká ni wọ́n sì fi ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó dá dúró nínú ìwé atúmọ̀, kí ni kọ̀ǹpútà fẹ́ fi mọ̀ ọ́n? Ìwọ náà ò ní rántí mọ́.

Mo tún fẹ́ kó o wo bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ ní a, b, d, bó ò tiẹ̀ béèrè. Tó o bá fi sort lásán tò ó, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ máa wà lẹ́yìn z, z tí a ò tiẹ̀ ní, gb sì máa há sáàárín ga àti ge. Kọ lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wa sílẹ̀ fúnra ẹ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, kó o ní kó fi ìyẹn tò ó.

Ó wá kan ọ̀rẹ́ ẹ. Kò purọ́ pátápátá, àmọ́ PHP ò kú o jàre. Ẹni tó ṣe é, Rasmus Lerdorf, ojú ìwé tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́, ó gbé e síta ní 1995, orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà yẹn gan-an ni Personal Home Page Tools. Iṣẹ́ àdáṣe bíi tìẹ ni. Wọ́n gbé PHP 8 jáde ní 2020, wọ́n ṣì ń tún un ṣe títí dòní. Next.js náà dáa, èmi náà ń lò ó níbi iṣẹ́, ohun tí mo ń sọ ni pé ìdí tó fi ń dùn mọ́ èèyàn láti tún nǹkan kọ látìbẹ̀rẹ̀ ni pé kóòdù tuntun ò tíì ní àléébù tá a mọ̀. Ti àtijọ́ la mọ gbogbo ibi tó ti ń jò. Ìtàn Netscape, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe browser, wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: ní 1998, nígbà tí orúkọ wọn ṣì ń rinlẹ̀ nínú browser, wọ́n pinnu láti kó kóòdù àtijọ́ dà nù kí wọ́n tún un kọ. Ìparí 2000 ni Netscape 6 tó jáde, kò tiẹ̀ sí Netscape 5 rárá, kí ìyẹn sì tó jáde Internet Explorer ti gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ohun míì náà dá kún un o, Microsoft ń fi tiẹ̀ bọ inú Windows lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní dá gbogbo ẹ̀ lé orí títún kóòdù kọ. Àmọ́ iléeṣẹ́ tó ń sanwó fún àwọn kóòdà lójoojúmọ́ nìyẹn o, ìwọ tó jẹ́ alẹ́ nìkan lo ráyè, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà ńkọ́? Àwọn tó sáré fi AngularJS, irinṣẹ́ JavaScript míì, tún sáìtì wọn kọ lẹ́yìn 2010 náà wà níbẹ̀, Google ló ni ín, ẹni tó gbọ́ orúkọ yẹn á ní kò lè bà jẹ́, ìparí 2021 ni wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú ẹ̀ dúró.

Bó o bá wá bi mí pé kí ni èmi máa lò tó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní lo èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ṣírò ẹ̀ wò. Ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀rọ̀, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ ẹ̀ gba báìtì 300, gbogbo ẹ̀ kò ju 600 kílóbáìtì lọ, fọ́tò kan tó o fi fóònù yà tóbi jù ú lọ, tí wọ́n bá sì fún un pọ̀ lójú ọ̀nà á tún kéré sí i. Nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò nílò dátábéèsì lórí sáfà rárá. Kó gbogbo ẹ̀ sínú fáìlì JSON kan, ìyẹn fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí JavaScript lè kà, kọ ojú ìwé HTML kan pẹ̀lú JavaScript díẹ̀, kí fóònù ẹni tó ń wá a fúnra ẹ̀ gba fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan kó sì máa wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀. MySQL ti kúrò nílẹ̀ nìyẹn, wàhálà ọkọ àti ọkọ̀ sì bá a lọ, kò sí sáfà tí wọ́n á jí wọ̀ lóru, search á sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ torí kò ní máa lọ sí òkè òkun kó tó dáhùn. GitHub Pages, ibi tí GitHub ti ń gbé sáìtì síta, á gbé irú ẹ̀ síta fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, sáìtì tó bá ti kéré sí gígábáìtì kan tí àwọn èèyàn ò sì fa ju 100 gígábáìtì lọ lóṣù kò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn, àti HTTPS wà níbẹ̀. Má kó ẹrù onílé-onílé sínú ẹ̀ o, kóòdù tí ẹlòmíì kọ ni mò ń sọ. Ní oṣù kẹta 2016 ẹnì kan yọ kóòdù ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní left-pad kúrò lórí npm, ibi tí àwọn kóòdà ti ń mú kóòdù ara wọn lò, ìlà mọ́kànlá péré, àìmọye iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ káàkiri ayé ló kọ̀ tí kò lọ lọ́jọ́ yẹn. HTML tí wọ́n kọ ní 1996 ṣì ń ṣí títí dòní.

Àléébù ọ̀nà yìí nìyí. Bó o bá fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi ọ̀rọ̀ tiwọn ránṣẹ́ látorí sáìtì, HTML lásán ò lè ṣe é, wàá ní láti fi fọ́ọ̀mù ibòmíì sí i, kó o máa fi ọwọ́ ara ẹ kó o wọlé. Lójú tèmi ìyẹn sàn pàápàá, torí ìwé atúmọ̀ tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sínú ẹ̀ láìsí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, èébú ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ìkejì, tí ọ̀rọ̀ ẹ bá di ọ̀kẹ́ méjì, ọ̀kẹ́ mẹ́ta, kò dáa kó o máa da gbogbo ẹ̀ sórí fóònù èèyàn, dátà wọ́n lówó. Nígbà yẹn kó o gba ọ̀dọ̀ SQLite lọ, dátábéèsì tó wà nínú fáìlì kan ṣoṣo, FTS5, ẹ̀yà ẹ̀ tó ń wá ọ̀rọ̀, mọ bí wọ́n ṣe ń bó àmì, remove_diacritics 2 ni wàá kọ síbẹ̀. O ò tíì débẹ̀, bóyá o ò sì ní débẹ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀.

Ti dọ́là yẹn, o mọ̀ ọ́n lára ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Kó tó di oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì, nígbà tí 2024 fi máa parí ó ti ju 1,500 lọ. Sáfà dọ́là márùn-ún tí kò tó 2,500 náírà lóṣù ti di 7,500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà yẹn, láì jẹ́ pé nǹkan kan yí padà lára sáfà yẹn. Iṣẹ́ tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé, tó sì ń jẹ owó tó ń yí padà lórí ẹ, ọjọ́ kan lo máa já a sílẹ̀, kò ní jẹ́ pé o yà ọ̀lẹ. Nítorí náà, orúkọ sáìtì nìkan ni kó o máa náwó lé. Ra .com.ng tàbí .ng lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Nàìjíríà níbí, náírà ni wọ́n ń gbà, kó o sì yẹ̀ ẹ́ wò pé orúkọ ẹ àti ímeèlì ẹ ni wọ́n fi forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹni tó bá ẹ rà á. Ibi ọ̀fẹ́ kankan ò ṣe é búra fún. Heroku, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé sáìtì sí, pa ètò ọ̀fẹ́ ẹ̀ rẹ́ ní oṣù kọkànlá 2022, Google fúnra ẹ̀ ti Google Code, ibi ìtọ́jú kóòdù bíi GitHub, pa ní 2016. GitHub náà lè yí ọkàn padà lọ́la. Àmọ́ tí orúkọ sáìtì bá jẹ́ tìẹ, tí gbogbo iṣẹ́ ẹ sì jẹ́ fáìlì mẹ́ta, ìrọ̀lẹ́ kan péré lo máa fi kó lọ síbòmíì, àwọn tó ń lò ó ò tiẹ̀ ní mọ̀.

Iṣẹ́ mẹ́fà tó o pa tì, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ìyẹn máa jẹ ẹ́ lọ́kàn. Nínú iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fúnra ẹ̀, oríṣi méjì ló wà, èyí tó o fi ń kọ́ṣẹ́ àti èyí tí o fẹ́ kí ẹlòmíì lò. Èyí tó o fi ń kọ́ṣẹ́ ti parí lọ́jọ́ tó o mọ ohun tó o fẹ́ mọ̀, kódà bí bọ́tìnì ẹ̀ kan ò bá ṣiṣẹ́. Lọ sórí GitHub, kọ gbólóhùn méjì sí README ẹ̀, fáìlì àlàyé ẹ̀, nípa ohun tó o kọ́ níbẹ̀, kó o tẹ Archive, kò ní pa á rẹ́, á kàn tì í pa kí ẹnikẹ́ni lè máa kà á ni. Má ṣe é fún gbogbo wọn tí ọ̀kan bá wà tí ọkàn ẹ ṣì ń fà sí, ṣùgbọ́n mo fura pé sáìtì ọ̀rọ̀ yìí ni, torí òun lo kọ lẹ́tà gígùn yìí nítorí ẹ̀.

Ríríṣẹ́ ńkọ́? Mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn kóòdà lẹ́nu wò, sáìtì ìwé atúmọ̀ tó ń ṣí lórí fóònù mi bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀, tó o wá lè sọ fún mi ìdí tí MySQL fi ka ọkọ àti ọkọ̀ sí ọ̀kan náà àti bó o ṣe tún un ṣe, èmi á gbọ́ ìyẹn ju àpù to-do mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mò ń gbani síṣẹ́ níbi gbogbo. Àwọn ibòmíì wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá ti rí React, tí Next.js dúró lé, nínú CV ẹ, wọn ò ní ka ìyókù. Tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń lé ẹ, ó rọrùn: parí èyí tó kéré yìí ná, kó o wá fi JSON kan náà kọ ojú Next.js sí i gẹ́gẹ́ bí ìdánrawò, lórí àdírẹ́sì ọ̀tọ̀. Tí kò bá parí, sáìtì àkọ́kọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. YorubaName, sáìtì ìtumọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe, wà ní gbangba, kóòdù wọn náà wà lórí GitHub, lọ kà á, wàá rí bí àwọn tó ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá ṣe ṣe tiwọn.

Ọ̀rọ̀ kan lórí òwe ẹ. Òwe fúnra ẹ̀ jẹ́ ti gbogbo wa, ṣùgbọ́n àlàyé tí ẹnì kan kọ sábẹ́ òwe nínú ìwé ẹ̀, tiẹ̀ ni, òfin Nàìjíríà tó wà nílẹ̀ báyìí, ti 2022, fi àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé kún un. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé o ṣe kọ́pì àlàyé látinú ìwé èèyàn, kọ tìẹ rọ́pò ẹ̀, lọ bá àwọn àgbà àdúgbò ẹ, wọ́n á sọ èyí tí kò sí nínú ìwé kankan fún ẹ.

Tó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó gbogbo ohun tó wà nínú MySQL yẹn jáde lónìí, mysqldump lo máa lò, fi ẹ̀dà kan sórí lápútọ́ọ̀pù, ọ̀kan sórí flash, ọ̀kan nínú ímeèlì ẹ, kí àwọn tó ní kó o máa sanwó yẹn tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ṣí i, kó o wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ẹ̀. Tó o bá rí ẹ àti ṣ bó ṣe yẹ, lọ sórí NFC tààrà. Tó o bá rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà, tó o rí á¹£ níbi tó yẹ kí ṣ wà, má bẹ̀rù, ọ̀rọ̀ ò tíì sọnù, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà ló dàrú mọ́ra, UTF-8 ni wọ́n kà bíi latin1, ó ṣeé dá padà, má kàn fọwọ́ tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ àmì ìbéèrè, ?, ló ti lọ pátápátá, ìyẹn lo máa tún tẹ̀. Fi ìlà bíi mẹ́wàá nínú èyí tó rí wúruwùru ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ohun tí SHOW CREATE TABLE, àṣẹ tó ń fi bí wọ́n ṣe ṣe tábìlì hàn, bá sọ fún ẹ, màá bá ẹ wò ó.